Ẹ̀rọ Tó Ń Fún Ọ̀gá Ààbò Ní Máàkì

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sùn dáadáa ní àdúgbò náà, ọ̀dọ̀ ọkọ Aránṣọ ló ń lọ. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ń ṣe oògùn oorun. Bẹ́ẹ̀dì ló ń tà: fóòmù líle, fóòmù rírọ̀, fóòmù àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn. Ọ̀gá Fóòmù ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Àmọ́ láti ọjọ́ tó ti ra áláàmù sí ilé rẹ̀, kò jẹ́ orúkọ yẹn mọ́. Ẹ pè é ní Ọ̀gá Fóòmù lójú pópó, á máa lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ pè é ní Ọ̀gá Ààbò, á dúró, á yí padà, á sì béèrè àlàáfíà ìyá tó bí yín.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ yẹn. Òun náà ló kọ oríkì tó tẹ̀ lé e: Adẹ́rùbolè, Àgádágodo tí ń rìn, Ọkọ gbogbo ilẹ̀kùn. Oníbúrẹ́dì tó wà ní ojú kejì títì bá a fi ọ̀kan kún un, Ẹ̀ṣọ́ tí ń ta oorun, Ọ̀gá Ààbò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò ga, kò sì fẹ̀. Pátákó funfun kan ni, tí àwọn nọ́ńbà àti àmì ìràwọ̀ wà lójú rẹ̀, tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn iwájú. Ọ̀gá Ààbò ní kí ìyàwó òun rán kọ́tìnì kékeré sí i, kí ojú gbogbo ayé má baà máa kan án. Aránṣọ ti rán aṣọ ìyàwó, ó ti rán aṣọ òkú, àmọ́ kò tíì rán aṣọ fún nọ́ńbà rí. Ó wọn pátákó náà, ó gé aṣọ, ó sì rán an. Ọkọ rẹ̀ ní kó fi léèsì sí etí rẹ̀. Ó fi léèsì sí i.

Lọ́jọ́ tí ọmọ ilé-iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ náà wá kàn án, ó ṣàlàyé iná mẹ́ta tó wà lórí rẹ̀. Iná àwọ̀ ewé: gbogbo ilẹ̀kùn ti padé. Iná pupa: ẹ̀rọ ti ń ṣọ́lé. Ẹ̀kẹta ni iná yẹ́lò, tí kò tàn lọ́jọ́ náà.

"Bí ó bá tàn, sà," ni ọmọ náà wí, "ẹ tẹ ìràwọ̀, kí ẹ tẹ èjì. Nọ́ńbà kan á tàn. Kí ẹ wá pè wá."

Ọ̀gá Ààbò wà lórí fóònù nígbà náà, ó ń ta fóòmù fún ẹnì kan. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Mo ti gbọ́. Ìràwọ̀, èjì, nọ́ńbà. Ṣé ohun tó kù fún ẹni bíi tèmi láti kọ́ nìyẹn?"

Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó gbọ́ "kí ẹ wá pè wá" yẹn ketekete. Abẹ́rẹ́ ló kún ẹnu rẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Nígbà tó pẹ́, iná yẹ́lò tàn, pátákó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké pín-ín, pín-ín, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá Ààbò dúró síwájú rẹ̀, ó tẹ́tí.

"Ó ń kí mi," ló wí.

Ó tẹ ìràwọ̀, ó tẹ èjì. Àrún tàn. Ó ronú sí i fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. "Máàkì ni. Ẹ̀rọ yìí ń wo bí mo ṣe ń lò ó, ó sì ti fún mi ní máàkì."

"Ọmọ yẹn ní kí a pe àwọn," ni Aránṣọ wí.

"Kí n pè wọ́n kí n sọ kí ni? Pé ẹ̀rọ wọn ń yìn mí? Ìgbéraga nìyẹn. Èmi ò fẹ́ràn ìgbéraga."

Bí oṣù ti ń lọ, máàkì ń pọ̀ sí i. Èje tàn tẹ̀ lé àrún. Ẹ̀rin tàn, ẹ̀ta náà tàn. Ọ̀gá Ààbò á ṣí kọ́tìnì ní àárọ̀, á ka nọ́ńbà rẹ̀ bí ẹni ń ka ọmọ, á sì ti ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú inú dídùn. Ọjọ́ kan ni òòfà kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná, èyí tí ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé ó ti padé, jábọ́, ẹ̀rọ sì kọ̀, kò ṣọ́lé mọ́. Ó ní àfi kí ilẹ̀kùn yẹn padé ná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó padé. Ọ̀gá Ààbò tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún, títí tó fi rí bọ́tìnì tó máa ń ní kí ẹ̀rọ fo ilẹ̀kùn kan. Ẹ̀rọ fo ti ilé ìdáná, ó sì gbà láti ṣọ́ ìyókù. "Mo ti dárí ji ilẹ̀kùn yẹn," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Gbogbo èyí ì bá jẹ́ àwàdà lójú Aránṣọ bí kì í bá ṣe ti nọ́ńbà àṣírí. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí Aránṣọ bá ti ọ̀dọ̀ oníbàárà dé, tòun ti ẹrù aṣọ lórí, ẹnu ilẹ̀kùn ni yóò dúró sí títí olówó orí rẹ̀ á fi ti ṣọ́ọ̀bù dé. Fèrèsé kankan kò gbọdọ̀ ṣí láìtẹ nọ́ńbà yẹn. Ọ̀gá Ààbò ní bí atẹ́gùn bá ń wọlé, kí ló máa dí olè lọ́wọ́?

Lẹ́yìn náà ni ìyá Aránṣọ dé. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un, dókítà sì ní kó máa jókòó síbi tí atẹ́gùn wà. Wọ́n gbé àga ńlá kan fún un sí iwájú fèrèsé pálọ̀. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, tí yóò máa wo ewé tí ń mì lóde, tí irun kan kò sì ní mì lórí tirẹ̀.

"Ọmọ mi," ni ìyá wí lọ́jọ́ kan, "ṣé ìsinmi ni mo wá ṣe, àbí ẹ̀wọ̀n? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n ni, kí wọ́n sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi fún mi. Bí ó bá jẹ́ ìsinmi ni, mo ti sinmi tó. Tí ọ̀sẹ̀ yìí bá ti parí, mo ń lọ ilé mi."

Ọ̀rọ̀ náà dun Aránṣọ wọra. Ojú ìyá náà kò tíì san, kò sì sí ẹnikẹ́ni nílé rẹ̀ tí yóò máa kán oògùn sí i. Ó lọ bá ọkọ rẹ̀.

"Olówó orí mi, ẹ fún mi ní nọ́ńbà yẹn. Kí n lè máa ṣí fèrèsé fún Màmá."

"Nọ́ńbà yẹn wúwo. Kì í ṣe ohun tí obìnrin lè gbé sórí."

"Mélòó ni?"

"Mẹ́rin."

"Ìwọ̀n àyà, ìdí àti apá gbogbo obìnrin àdúgbò yìí ló wà lórí mi, n kò sì kọ ọ̀kan sílẹ̀."

"Ti ara ènìyàn nìyẹn," ni Ọ̀gá Ààbò wí. "Ti ààbò yàtọ̀." Ó sì lọ wẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àdúgbò fẹ́ yan ẹni tí yóò máa bójú tó ààbò gbogbo títì. Ọ̀gá Ààbò dìde nínú ìpàdé, ó tún agbádá ṣe. Ó ní òun ò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yan òun, àmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ yan ẹlòmíràn, kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ orúkọ ẹni náà kí òun lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n bá ti yan òun, kí gbogbo ilé mú kọ́kọ́rọ́ kan wá fún òun, kí ẹni tó bá ní áláàmù mú nọ́ńbà rẹ̀ wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rìnrìn àjò láìsọ fún òun. Àlejò tó bá fẹ́ sùn mọ́jú, kí ó kọ́kọ́ wá kí òun.

Olórí Nọ́ọ̀sì ló ń darí ìpàdé náà. Ó ti fẹ̀yìn tì nílé ìwòsàn, àmọ́ ó ṣì ń wo ènìyàn bí ẹni ń wá ibi tí yóò gún lábẹ́rẹ́. "Báwo la ṣe máa mọ̀ pé tiyín pàápàá ń ṣiṣẹ́?" ló béèrè.

"Ẹ wá wò ó lọ́sàn-án Sátidé," ni Ọ̀gá Ààbò dáhùn. "Mo máa ní kí olè wá. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ògiri tèmi kò lanu. Eyín pàápàá kò ní."

Olè tó rí gbà ni àbúrò ìyàwó rẹ̀. Akẹ́rù ni ọkùnrin yìí: àwọn tó bá ń kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn ló máa ń pè é, tí yóò kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í fọ́ abọ́, ohun tí wọ́n bá sì ní kó gbé ló máa ń gbé.

"Gba ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọlé," ni Ọ̀gá Ààbò sọ fún un. "Ṣe bí olè gidi. Má ṣàánú mi. Ohun tó bá wà ní pálọ̀, máa kó o lọ."

"Gbogbo ẹ̀, ẹ̀gbọ́n?"

"Gbogbo ẹ̀. O ò ní tíì gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé tí ẹ̀rọ á fi pariwo."

"Màmá ńkọ́?"

"Kí Màmá jókòó sórí àga wọn. Mo fẹ́ kí ayé rí i pé àgbàlagbà lè jókòó jẹ́jẹ́ nílé mi tí olè bá wọ̀ ọ́."

Akẹ́rù ní òun ti gbọ́.

Nígbà tó di Sátidé, àdúgbò pé sí iwájú ilé náà. Ọ̀gá Ààbò kó wọn wọ pálọ̀, ó dúró níwájú kọ́tìnì oníléèsì náà, ó húkọ́, ó sì fà á. Iná yẹ́lò ń tàn. Ó tẹ ìràwọ̀ àti èjì, ó ní kí wọ́n súnmọ́ ọn kí wọ́n kà á.

"Máàkì mẹ́fà," ló wí. "Báńkì kan wà ní ìgboro tí kò ní ju ẹyọ kan lọ."

Olórí Nọ́ọ̀sì na ọrùn. "Níbi iṣẹ́ wa, bí irú iná yìí bá tàn lórí ẹ̀rọ, sísá la máa ń sá lọ bá aláìsàn."

"Ẹ̀rọ aláìsàn nìyẹn, mà. Eléyìí, ara rẹ̀ le."

Ó fi ẹ̀yìn bo pátákó náà, ó tẹ nọ́ńbà àṣírí, iná pupa tàn. Ó kó gbogbo wọn jáde síwájú ilé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ bo etí, nítorí òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fi etí dídi ṣẹjọ́ òun lọ́la.

Wọ́n fi ọwọ́ bo etí.

Ilé dákẹ́. Ọ̀gá Ààbò ń sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, nípa olè ayé àtijọ́ àti olè òde òní, àmọ́ nítorí pé wọ́n bo etí, kò sí ẹni tó gbọ́. Aránṣọ wà lẹ́yìn, ó ń wo fèrèsé níbi tí orí ìyá rẹ̀ ti máa ń hàn. Orí náà wà níbẹ̀. Nígbà tó tún wò, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó rò pé ìyá tẹrí sílẹ̀ ni.

Apá ń ro àwọn ènìyàn. Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó bi Ọ̀gá Ààbò bóyá olè náà rí ibòmíràn lọ ni.

"Ẹ̀rù ẹ̀rọ ló ń bà á," ni Ọ̀gá Ààbò wí. "Ó wà níta, ó ń gbọ̀n."

Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọkọ̀ akẹ́rù kan yọ láti igun títì, tó ń rọra bọ̀. Akẹ́rù ló wà ní ìdí ọkọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, sófà gígùn wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi aṣọ wé dáadáa wà níbẹ̀, tábìlì, kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká bí ẹní, fìtílà, àti àga ńlá kan tí wọ́n fi okùn dè mọ́ ọkọ̀ kó má baà yẹ̀. Ìyá Aránṣọ jókòó sórí àga náà. Atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè rẹ̀.

"Ẹ kú ìdúró o," ni ìyá kí wọn.

Wọ́n dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Olórí Nọ́ọ̀sì béèrè pé, "Màmá, ibo lẹ ń lọ?"

"Mi ò mọ̀. Wọ́n jí mi gbé ni."

Ọ̀gá Ààbò ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó wọlé. Pátákó ké, ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ó dákẹ́. Pálọ̀ ṣófo, ohùn ẹsẹ̀ ń dún nínú rẹ̀ bí ẹni wà nínú kànga. Ohun kan ṣoṣo ló kù lára ògiri, àwòrán Ọ̀gá Ààbò tó tóbi, nínú férémù oníwúrà.

"Èyí ńkọ́?" ni Oníbúrẹ́dì bi Akẹ́rù.

"Mo rò pé olè ò ní fẹ́ ẹ," ni Akẹ́rù dáhùn. Ó dájú pé ó ronú sí i dáadáa.

Ẹni tí omi bá ń gbé lọ, koríko ló ń dì mú. Ọ̀gá Ààbò yọ fóònù, ó ní ilé-iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ fún òun ló jẹ̀bi, gbogbo ayé á sì gbọ́ bí òun ṣe máa fọ̀rọ̀ nà wọ́n. Ó tan ohùn fóònù síta, ó gbé e sókè. Ọmọbìnrin kan gbé e ní ìdí kejì, ó kí i dáadáa.

"Kí n tó sọ̀rọ̀ ilé yín, sà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ yín fún mi, kí n mọ̀ pé onílé ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Èyí tí ẹ yàn lọ́jọ́ tí a kàn án."

Ọ̀gá Ààbò wo fóònù náà. Ó wo àwọn aládùúgbò. Ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa ohùn náà wọlé, ìka rẹ̀ ò sì rí i.

"Onílé ni mí," ló wí. "Ẹ gbọ́ ohùn mi."

"Ohùn ò tó, sà. Ọ̀rọ̀ yẹn."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́.

"Mi ò gbọ́, sà. Ẹ sọ ọ́ sókè."

"Òmùgọ̀ ni gbogbo àdúgbò," ni Ọ̀gá Ààbò wí.

Ọmọbìnrin náà wò ó lójú ẹ̀rọ tirẹ̀. "Òmùgọ̀ ni gbogbo àdúgbò. Ó tọ̀nà, sà. Ẹ ṣeun. Kí la lè ṣe fún yín?"

Ojú ti Aránṣọ débi pé ó ń wo ilẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń rán aṣọ fún ló yí i ká yẹn. Olórí Nọ́ọ̀sì ní kí Ọ̀gá Ààbò máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, pé àwọn òmùgọ̀ ń gbọ́.

Ó sọ pé olè wọlé, ẹ̀rọ ò sì ké. Ọmọbìnrin náà béèrè bóyá iná yẹ́lò ń tàn.

"Ó ń tàn gan-an. Kò kú rí."

"Nọ́ńbà wo lẹ rí, sà?"

Ohùn rẹ̀ tún le díẹ̀. "Ení, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, èje, ẹ̀jọ."

Ọmọbìnrin náà kọ wọ́n sílẹ̀. "Sà, ṣé ẹ wà nínú ilé yẹn báyìí?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Ení, bátìrì tó yẹ kó gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ ti kú. Ẹ̀ta, okùn tó so ilé yín mọ́ wa ti já. Ẹ̀rin, ẹ̀rọ ti ń gbìyànjú láti pè wá láti sọ fún wa, kò rí wa pè. Àrún, ohun tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn kan ti bàjẹ́. Èje, bátìrì ojú tó ń wo pálọ̀ ti tán. Ẹ̀jọ, ẹ̀rọ ò mọ iye tí aago lù mọ́."

"Máàkì mẹ́fà nìyẹn," ni Oníbúrẹ́dì wí.

"Máàkì kọ́ ni?" Ohùn Ọ̀gá Ààbò ti kéré.

"Àròyè ni, sà. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣàròyè. Ẹ ní kó máa ṣọ́lé, ká wo ohun tó kù." Ó tẹ̀ ẹ́, iná pupa tàn, ó sì ka ohun tó hàn lójú pátákó fún un. "Ilẹ̀kùn iwájú nìkan ló kù, sà. Ẹ máa lo ìyẹn títí a ó fi rán ènìyàn wá."

Gbogbo wọn jáde. Ọ̀gá Ààbò tẹ̀ lé wọn, ó ń rìn bí fóòmù tí òjò pa. Ó ní kí Akẹ́rù sọ Màmá kalẹ̀.

"Mi ò sọ̀kalẹ̀," ni ìyá wí láti orí ọkọ̀. "Ibí yìí dára. Ojú mi ń là. Ẹ fún ọmọ mi ní nọ́ńbà yẹn, kí n lè mọ̀ pé fèrèsé á ṣí, tàbí kí ọmọ mi ọkùnrin máa wà mí lọ ilé."

Ọ̀gá Ààbò súnmọ́ Aránṣọ, ó fẹ́ sọ ọ́ sí i létí.

"Kí èmi náà gbọ́," ni ìyá wí. "Ojú mi ni wọ́n là, wọn ò fọwọ́ kan etí mi."

"Ení," ni Ọ̀gá Ààbò wí. "Ení. Ení. Ení."

Olórí Nọ́ọ̀sì rò pé ọ̀rọ̀ há sí i lẹ́nu. Ó fẹ́ gbá a lẹ́yìn.

"Nọ́ńbà náà nìyẹn," ni Aránṣọ wí. Ó wo ọkọ rẹ̀. "Èyí tí mi ò lè gbé sórí. Kí ló dé tó fi jẹ́ ení?"

"Nítorí èmi ni àkọ́kọ́."

"Àkọ́kọ́ nínú kí ni?"

Ó yíjú sí ọkọ̀, ó ní kí Akẹ́rù máa kó ẹrù padà.

Akẹ́rù ti ń tú okùn. Ó ní òun lè dá gbé ohun gbogbo padà àyàfi sófà, kí ẹ̀gbọ́n bá òun di ìdí kan mú. Báyìí ni Ọ̀gá Ààbò, Adẹ́rùbolè, ṣe gbé ìdí sófà rẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò, tó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ilé ara rẹ̀, tí agbádá ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ó fi ìdí ti ilẹ̀kùn iwájú, ó wọlé dé ìdajì, sófà sì há mọ́ ẹnu ọ̀nà. Pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kò lè ju sófà sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó ògiri.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ké lóòótọ́. Ariwo náà le débi pé ajá gbogbo títì gbè é. Àwọn tó sọ ọwọ́ kalẹ̀ tún gbé e padà sí etí. Ẹnu Ọ̀gá Ààbò ń ṣí, ó ń padé, àmọ́ kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tó ń wí. Láti ọjọ́ tó ti dé ilé náà, olè kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ mú nìyẹn, ó sì mú un tọwọ́ tẹrù.

Aránṣọ kò lè gba iwájú kọjá. Ó yí ilé po, ó gba ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọlé, ẹ̀rọ kò sì bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Ó la pálọ̀ òfìfo náà kọjá. Ó rí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọrùn rẹ̀ tó rin fún òógùn. Ó rí pátákó lára ògiri, pẹ̀lú kọ́tìnì tó rán sí i. Ṣùgbọ́n ibi fèrèsé ló kọ́kọ́ lọ. Ó ṣí apá kìíní, ó ṣí apá kejì, ó dúró díẹ̀ kí atẹ́gùn wọlé dáadáa. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó padà lọ tẹ ení.